Wàrà Inú Igbá: Ìdí Tí Àtúnṣe Fi Ń Pẹ́ Nídìí Ìtọ́jú Màlúù



Ẹni tí ó bá ná ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tàbí tí ó bá gba Under G kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá pọ̀ sí, kò ní ṣàì pàdé obìnrin Fúlàní tí ó ru igbá. Wàrà funfun ni ó wà nínú igbá náà, nínú omi ara rẹ̀. A ó bi í ní iye, a ó ná an, a ó rà á, a ó sì gba ọ̀nà ilé lọ láti lọ dín in. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wa bi ara rẹ̀ léèrè pé: màlúù mélòó ni wọ́n fún kí igbá yìí tó kún? Èéṣe tí wàrà fi ń wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Èéṣe tí orílẹ̀-èdè tí ó ní màlúù tó báyìí fi ń ra ìyẹ̀fun wàrà lókè òkun? Ní oṣù Keje ọdún 2019, Gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa sọ pé owó tí à ń ná sórí wàrà òkèèrè lọ́dọọdún wà láàrin bílíọ̀nù 1.2 àti bílíọ̀nù 1.5 dọ́là. Owó ńlá ni.

Màlúù funfun tí àwọn Fúlàní ń dà ní agbègbè wa kì í sábà fún ènìyàn ju lítà kan sí méjì lọ lóòjọ́, lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀. Màlúù ilẹ̀ Holland lè fún ni ní ogún lítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn kan bá ti gbọ́ èyí, wọ́n á ní, “Orí kunkun ló ń ṣe àwọn darandaran; a kọ́ wọn títí, wọn ò gbọ́.” Ẹjọ́ tí a dá láìgbọ́ tẹnu ẹni kejì ni ẹjọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn wò, kí a lè mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọlọ́sìn kékeré lẹ́sẹ̀.

Kí àwọn màlúù funfun oníké tó pọ̀ ní ilẹ̀ wa, ẹranlá wà nílẹ̀ Yorùbá. Ẹranlá ìgbà náà kéré, kò ga, ìwo rẹ̀ kúrú, kò sì ní iké. Mútúrù ni àwọn oníṣẹ́ ẹran ń pe irú rẹ̀ lónìí. Àbísọdá tí ó wá láàrin rẹ̀ àti màlúù oníké ni à ń pè ní kẹ̀tẹ̀kù. Kì í ṣe nítorí wàrà ni àwọn baba wa fi ń sin ẹranlá. Ẹran ìnáwó ni, ẹran ètùtù àti ẹran ọlá ni.

Ìdí tí màlúù ńlá kò fi pọ̀ nígbà náà ni eṣinṣin kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tsetse. Inú igbó àti etí odò tí òjìji wà ni ó ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, bí ó sì ti ń mu ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fi kòkòrò àrùn sínú ara ẹran. Màlúù tí ó bá kó àrùn náà á rù, á máa gbọ̀n, wàrà rẹ̀ á gbẹ, oyún ara rẹ̀ á bàjẹ́, bí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀ á kú. Mútúrù a máa fara da àrùn yìí. Màlúù oníké kì í lè fara dà á. Àrùn kan náà ni ó ń pa ẹṣin, ìdí nìyẹn tí Ọ̀yọ́ Ilé, pẹ̀lú gbogbo agbára ológun ẹlẹ́ṣin rẹ̀, fi ní láti máa ra ẹṣin láti òkè ọ̀hún ní gbogbo ìgbà.

Síbẹ̀, ilẹ̀ ọ̀dàn ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ọ̀yọ́, koríko sì wà níbẹ̀. Nígbà tí Clapperton rin ìrìn àjò lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, tí Richard àti John Lander sì tẹ̀ lé ọ̀nà náà ní 1830, wọ́n bá àwọn Fúlàní tí ń sin màlúù ní àwọn ibi kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà kì í ṣe àná ni wàrà dé ọjà wa. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ogun gba ilẹ̀ kan. Ọ̀yọ́ Ilé tú. Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ ìsinsìnyí dó ní Àgọ́ Ọ̀jà ní nǹkan bí 1838. Àwọn tí ogun lé sì rọ́ wọ inú odi Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ìgbà ogun, ta ni yóò sin agbo màlúù sí gbangba? Ọkọ́ ni a lè gbé sáré, a kò lè gbé màlúù pamọ́ sábẹ́ ẹní.

Nígbà tí àlàáfíà padà dé, iṣẹ́ dída màlúù ti di ti Fúlàní pátápátá. Yorùbá tí ó bá ní owó a ra màlúù méjì, mẹ́ta, a sì fà á lé Fúlàní lọ́wọ́ ní gáà. Ẹ fetí sí àdéhùn tí ó wà láàrin wọn, nítorí pé ibẹ̀ ni kókó kìíní wà. Ẹni tí ó ni màlúù ni ó ni ọmọ tí màlúù bá bí. Ẹni tí ń dà á ni ó ni wàrà. Wàrà náà ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ilé Fúlàní pàápàá, ìyàwó ni ó ni wàrà tí ó bá délé. Òun ni yóò pín in: apá kan fún àwọn ọmọ, apá kan fún ọjà, owó ọjà náà ni yóò sì fi ra iyọ̀, ata àti àgbàdo.

Ó dára. Wàyí o, jẹ́ kí oníṣẹ́ ìjọba dé gáà kí ó ní, “Ẹ ra èérí fún màlúù yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wàrà rẹ̀ yóò pọ̀ sí i.” Òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra èérí? Olówó màlúù kò ní rà á, nítorí wàrà kì í ṣe tirẹ̀. Darandaran kò ní rà á, nítorí màlúù kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó ni ín lè wá mú un lọ́la kí ó tà á fún alápatà. Obìnrin tí ó ni wàrà kò ní owó èérí lọ́wọ́. Ènìyàn mẹ́ta ni ó yí màlúù kan ká, ẹnu wọn kò sì kò lórí náwó-náwó. Ọgbọ́n ni kí olúkúlùkù fi dáwọ́ dúró, síbẹ̀ màlúù ni ebi ń pa.

A ní láti dúró níbí kí a bi ara wa bóyá lóòótọ́ ni darandaran kì í gba ohun tuntun. Àrùn kan wà tí ó pa màlúù jákèjádò Áfíríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní rinderpest. Àrùn náà lè pa agbo tán láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní 1924 ni ìjọba dá ilé ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom, nítòsí Jos, níbi tí wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní 1962, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà pawọ́ pọ̀ láti gún màlúù lábẹ́rẹ́. Nàìjíríà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn darandaran kó màlúù wọn jáde lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Nígbà tí a dẹwọ́, àrùn náà padà wọ ilẹ̀ wa ní 1983. A tún mú abẹ́rẹ́. Ní 2011, a kéde fún gbogbo ayé pé àrùn náà ti tán pátápátá. Ìkejì àrùn tí ọmọ ènìyàn pa run nìyẹn. Ìgbóná ni ó ṣáájú rẹ̀. Ìbá ṣe pé darandaran kọ ohun tuntun, ta ni ìbá di màlúù mú fún abẹ́rẹ́? Wọ́n gbà á nítorí pé èrè rẹ̀ hàn sí ojú, owó rẹ̀ kò wọ́n wọn, kò sì béèrè pé kí wọ́n ní ilẹ̀. Ẹ fi ohun mẹ́ta yìí sọ́kàn, nítorí òun ni a ó fi wọn ìyókù.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn ni Fáṣọlá wà. Kí a tó gba òmìnira ní 1960 ni ìjọba ti ní oko ẹran níbẹ̀. Wọ́n kó màlúù N'Dama wá, irú èyí tí ó ti ilẹ̀ Guinea wá, tí ó sì ń fara da àrùn eṣinṣin bíi mútúrù. Ẹran rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n wàrà rẹ̀ kò pọ̀. Níhìn-ín ni a ti rí ìṣòro kejì: màlúù tí ó lè fara da ilẹ̀ wa kì í fún ni ní wàrà púpọ̀, màlúù tí ń fún ni ní wàrà púpọ̀ kì í lè fara da ilẹ̀ wa. Ooru ń mú màlúù Holland, eégbọn ń bá a jà, eṣinṣin ń bá a jà, ó sì ń jẹun ju tiwa lọ fíìfíì.

Àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà kan wà: kí a mú àtọ̀ akọ màlúù òkèèrè, kí a fi gbin oyún sínú abo màlúù tiwa. Ọmọ tí wọ́n bá bí yóò ní agbára ìyá rẹ̀ díẹ̀, yóò sì ní wàrà baba rẹ̀ díẹ̀. Ó sì rí bẹ́ẹ̀; bí a bá bọ́ ọ dáadáa, ó lè fún ni ní lítà mẹ́fà, méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá mi ṣírò. Oyún màlúù jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Bí a bá bí ọmọ náà tí ó jẹ́ akọ, kò sí wàrà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ abo, yóò tó ọdún mẹ́ta kí òun náà tó bímọ, kí wàrà tó wá. Ọdún mẹ́rin ó dín díẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tí a ti ṣe iṣẹ́ náà. Ní gbogbo àkókò yẹn ọlọ́sìn ń ra oúnjẹ, ó ń ra oògùn, kò sì tíì rí ife wàrà kan. Ẹni tí kò ní ju màlúù márùn-ún lọ, ibo ni yóò ti rí owó ọdún mẹ́rin?

Ìṣòro kẹta ni oúnjẹ àti omi. Wàrà kì í ti ojú ọ̀run bọ́ sínú ọmú màlúù. Bí a bá pín wàrà sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún nínú rẹ̀ jẹ́ omi. Màlúù tí ń fún wàrà nílò tó ogójì lítà omi lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, koríko ọ̀dàn á gbẹ, á le bí igi, iná á sì jó púpọ̀ nínú rẹ̀. Odò kéékèèké á gbẹ. Màlúù tí ó bá rìn ní gbogbo ọjọ́ nínú oòrùn kí ó tó rí omi mu ti ná agbára tí ìbá fi ṣe wàrà sórí ìrìn. Ìdí nìyẹn tí igbá fi ń fúyẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí owó wàrà sì ń lọ sókè.

Kí ni ìtọ́jú tí ó dára jù? Kí a gbin koríko gíní tàbí koríko erin, kí a gé e nígbà òjò, kí a sá a pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn. Kí a gbẹ́ kànga. Kí a fi èèpo ẹ̀gẹ́, koríko ẹ̀pà àti èérí bọ́ ẹran. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti fi hàn pé èèpo ẹ̀gẹ́ tí à ń dà nù nídìí gàrí di oúnjẹ ẹran tí ó dára, bí a bá rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì sá a gbẹ kí oró inú rẹ̀ lè lọ. Ìmọ̀ràn rere ni gbogbo èyí.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ilẹ̀ tí a ó gbin koríko náà sí? Níbí ni ìṣòro náà ti jinlẹ̀ jù. Darandaran wá bá baálẹ̀, ó mú ohun tí ó yẹ lọ́wọ́, baálẹ̀ sì fi ibi tí yóò pa gáà sí hàn án. Ó lè gbé ibẹ̀ fún ogójì ọdún, kí ó bímọ níbẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ máa sọ Yorùbá bí ọmọ Ọ̀yọ́. Síbẹ̀ ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ àṣà wa: a lè jẹ́ kí àlejò gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, a kì í jẹ́ kí ó gbin igi tí yóò pẹ́, nítorí pé ẹni tí ó gbin igi ń sọ láìlanu pé òun ni òun ni ilẹ̀. Koríko tí yóò wà fún ọdún márùn-ún, ọgbà onírin tí yóò yí i ká, kànga tí a gbẹ́ kan àpáta, gbogbo rẹ̀ dà bí igi yẹn lójú onílẹ̀. Bí darandaran bá ṣe é, àwọn ọmọ onílẹ̀ á máa fura. Bí kò bá ṣe é, a ó ní ọ̀lẹ ni.

Àìní ilẹ̀ yìí náà wà lára ohun tí ó ń dá ìjà sílẹ̀. Bí koríko kò bá sí ní gáà, màlúù á wọ oko olóko, àgbẹ̀ á sì pàdánù iṣẹ́ ọdún kan ní òru ọjọ́ kan. Ẹ̀mí ti lọ sí i, ní ìhà ti àgbẹ̀ àti ní ìhà ti darandaran. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìhà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n sì fẹnu kò pé kí dída ẹran káàkiri dópin. Àgbẹ̀ tí wọ́n ti jẹ oko rẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kí ó má dà ẹran kiri mọ́ gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò so ó mọ́, kí ó sì rí ohun tí yóò fi bọ́ ọ. Òfin kan kò tó láìsí èkejì.

Ìṣòro kẹrin ni ọjà. Wàrà tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nínú ooru wa, kòkòrò tí ojú kò lè rí a máa di ìlọ́po méjì láàrin ìdajì wákàtí tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Kí oòrùn tó dé àtàrí, wàrà àárọ̀ ti kan. Ọgbọ́n tí àwọn obìnrin Fúlàní fi dojú kọ èyí ni wàrà dídì. Wọ́n á gbé wàrà tútù ka iná jẹ́jẹ́, wọ́n á fún omi ewé bọ̀mùbọmù sí i. Bí ó bá ti gbóná dáadáa á dì, wọ́n á sì kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi rẹ̀ lè ro. Èyí á pẹ́ ju wàrà tútù lọ. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní WAMCO bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Ìyẹ̀fun wàrà láti òkè òkun ni ó ń pò sínú agolo fún wa ní Èkó. Ní 2010, ilé-iṣẹ́ náà àti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò láti máa ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́sìn ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní Fáṣọlá, ní agbègbè Ìsẹ́yìn àti ní Ìbàràpá. Bí ó ti ń lọ nìyí: bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó gbé wàrà sínú agolo onírin lórí alùpùpù lọ sí ibùdó. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti fẹ́ kan, tàbí bóyá a bu omi lù ú. Èyí tí ó bá dára á wọ inú àgbá ńlá tí ń mú un tutù, á sì wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Fún ẹni tí ó wà nítòsí ibùdó, ayé ti yàtọ̀: ọjà dé sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì mọ iye tí yóò gbà.

Ẹni tí ó jìnnà ńkọ́? Bí ọ̀nà bá bàjẹ́ nígbà òjò, wàrà á kan kí ó tó dé, wọ́n á dá a padà, òfò dé. Wàrà ìrọ̀lẹ́ kò ríbi wọ̀ bí ibùdó bá ti tì, nítorí náà kò sí ìdí láti fún màlúù lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Mo ti sọ pé obìnrin ni ó ni wàrà. Bí a bá kọ orúkọ ọkọ nìkan sínú ìwé ibùdó, tí a sì ń kó owó fún un, owó ọbẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ìyá àwọn ọmọ. Nígbà náà, obìnrin lè kọ̀ láti kó wàrà lọ, a ó sì tún ní kò fẹ́ ìlọsíwájú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ mìíràn tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò lówó jù wá lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní agbègbè Kaira ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn àgbẹ̀ tí ó ní màlúù tàbí ẹfọ̀n kan tàbí méjì rí i pé àwọn alágbàtà ni ń jẹ èrè wàrà wọn. Ní 1946 wọ́n kọ̀, wọn kò ta wàrà mọ́, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Anand lábẹ́ Tribhuvandas Patel. Ní 1949, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Verghese Kurien, dé ibẹ̀, ó sì fi ìmọ̀ rẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ náà ní ibi tí wọ́n ti ń gba wàrà ní abúlé, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Wọ́n ń sanwó ní ìbámu pẹ̀lú ọ̀rá inú wàrà, kí ẹni tí ó bọ́ ẹran rẹ̀ dáadáa lè rí i lára owó rẹ̀. Èrè tí ẹgbẹ́ bá jẹ ni wọ́n fi ń mú oúnjẹ ẹran, dókítà ẹran àti àtọ̀ màlúù rere wá sí abúlé. Ní 1970 ìjọba Íńdíà tan ètò náà ká gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ó fi di 1998, Íńdíà ti di àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé nínú wàrà. Agbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ kíyè sí ètò iṣẹ́ wọn. Ọjà ni ó ṣáájú, ìmọ̀ràn ni ó tẹ̀ lé e. Àwa a máa fi ìmọ̀ràn ṣáájú, lẹ́yìn náà a ó máa retí kí ọlọ́sìn wá ọjà, ilẹ̀ àti owó fúnra rẹ̀. Ní 2024 ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn ẹran ọ̀sìn nìkan. A ó fi ohun mẹ́ta wa ìgbà abẹ́rẹ́ wọn iṣẹ́ rẹ̀: ǹjẹ́ èrè hàn? Ǹjẹ́ apá ọlọ́sìn kékeré ká owó rẹ̀? Ǹjẹ́ ilẹ̀ tí ó dúró lé kì yóò yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀?

Iṣẹ́ kan wà fún àwa náà tí a kì í ṣe ìjọba. Onílẹ̀ àti darandaran lè kọ àdéhùn sílẹ̀ lójú baálẹ̀, fún ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a kọ ọ́ níbẹ̀ pé koríko àti kànga kò sọ àlejò di onílẹ̀. Olówó màlúù àti ẹni tí ń dà á lè pín owó oúnjẹ ẹran, kí wọ́n sì pín èrè wàrà. Alágàrí Ògbómọ̀ṣọ́ lè ta èèpo ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fún gáà, kí màlúù lè jẹun láìwọ oko olóko. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, wàrà tútù tí ẹ bá rà fún ọmọ, ẹ sè é kí ó hó, nítorí àrùn wà tí ó ń ti ara màlúù bọ́ sára ènìyàn nípasẹ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní ń bá a lé eṣinṣin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà kan tí ó ní kí àwa tí a ní ọwọ́ máa wòran.